Òṣùpá Inú Ìwé àti Òṣùpá Ojú Ọ̀run

Ọmọdékùnrin kan wà ní kíláàsì mi nígbà kan rí tí ó kọ àròkọ nípa ìrìn òwúrọ̀ rẹ̀ sí ilé-ìwé. Ó ní bí òun ti dé ìdí ọ̀pẹ tí ó wà lẹ́yìn ọjà, òun gbé ojú sókè, òun sì rí òṣùpá, ó funfun bí òwú, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn sì ti yọ. Mo fi gègé pupa fa ìlà sí abẹ́ gbólóhùn náà, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Òru ni à ń rí òṣùpá," mo sì yọ máàkì méjì. Ọmọ náà kò jiyàn. Ó gba ìwé rẹ̀, ó wò mí lójú fìrí, ó sì padà sí ìjókòó rẹ̀. Ó tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn èyí kí èmi tìkára mi tó dúró ní àgbàlá ní nǹkan bí agogo méje òwúrọ̀, tí orín wà lẹ́nu mi, tí mo sì rí òṣùpá ní apá ìwọ̀-oòrùn, bí ọmọ náà ti ṣàpèjúwe rẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà náà àwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Máàkì méjì yẹn sì wà lọ́rùn mi títí di òní olónìí.

Ọ̀ràn yìí ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí bí àwa tí à ń kọ Yorùbá, tí a sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ti í kọ ọ́, ti ń ṣe òṣùpá àti ìràwọ̀ sí nínú ìwé wa. N kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo rí kò dùn mọ́ mi. Òṣùpá pọ̀ nínú àròkọ wa, ó pọ̀ nínú ìtàn wa, ó sì pọ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ òṣùpá àgbọ́sọ, èyí tí òǹkọ̀wé kan gbà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé mìíràn, tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò jáde síta wò. Bẹ́ẹ̀ ni wíwò rẹ̀ kò gba owó ọkọ̀, kò sì gba awò tí ń mú ohun òkèèrè súnmọ́ni. Ẹni tí ó bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí ó lè gbé àga sí, tàbí fèrèsé kan tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, ohun èlò rẹ̀ ti pé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ kan tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ tí a ń jẹ́ kí ó máa bọ́ lọ́wọ́ wa díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni àrànmọ́jú. "Òṣùpá kíkún" ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ń kọ nísinsìnyí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ti pè é, a sì ń fi àmì pé ó dára sí i. N kò sọ pé ó burú. Ṣùgbọ́n bí òṣùpá ti rí nìkan ni òṣùpá kíkún ń sọ fún wa. Àrànmọ́jú ń sọ ohun tí ó ń ṣe. Ó ń ràn títí ilẹ̀ fi mọ́. Kì í sì í ṣe àsọdùn. Ní alẹ́ tí òṣùpá bá kún, ayé wa ni ó wà láàárín òun àti oòrùn, àwọn méjèèjì kọjú sí ara wọn. Nítorí náà, bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ní ẹ̀yìn wa, òṣùpá ń yọ ní iwájú wa, nígbà tí oòrùn bá sì tún yọ ní òwúrọ̀, òṣùpá ń wọ̀. Kò sí òṣùpá mìíràn nínú oṣù tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó yọ ṣáájú rẹ̀ yóò ti wọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí tí ó tẹ̀ lé e yóò jẹ́ kí òkùnkùn kọ́kọ́ kùn kí ó tó yọjú. Ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ti jókòó ní ìta fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ alẹ́, ó sì ti mọ ohun tí à ń fi ojú ìwé mẹ́ta kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé gíga.

Nítorí náà ni inú mi kì í fi í dùn bí mo bá ka irú gbólóhùn tí ó ní, "Ní ọ̀gànjọ́ òru, òṣùpá àrànmọ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bọ̀ láti ìlà-oòrùn." Gbólóhùn náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń bá ara rẹ̀ jà. Àrànmọ́jú kì í yọ ní ọ̀gànjọ́. Ní ọ̀gànjọ́, òkè téńté ni ó wà. Òṣùpá tí ń yọ ní ọ̀gànjọ́ kò kún mọ́, ó ti ku ìlàjì, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn àrànmọ́jú. Mo tún ti ka èyí tí òṣù lé, tí ó tín-ínrín bí èékánná, tí olè sì rí i ní agogo kan òru. Òṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ń tẹ̀ lé oòrùn lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí ni. Kì í ju nǹkan bí wákàtí kan lọ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ kí òun náà tó wọ̀. Ta ni ó tún gbé e padà wá fún olè ní agogo kan?

Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi òfin de àwọn olùkọ̀tàn. Àǹfààní ni mo ń sọ. Lójoojúmọ́, bí òṣùpá bá ti kún tán, ó ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àádọ́ta pẹ́ sí i kí ó tó yọ. Bí olùkọ̀tàn bá mọ èyí, tí ó sì fẹ́ kí olè fo ògiri nínú òkùnkùn biribiri, kí ìmọ́lẹ̀ sì ká a mọ́ ibi tí ó ti ń di ẹrù, kí ó mú alẹ́ karùn-ún lẹ́yìn àrànmọ́jú. Òkùnkùn yóò ṣú fún olè náà láti ìgbà tí a jẹun alẹ́ tán títí di nǹkan bí agogo mọ́kànlá, lẹ́yìn èyí ni òṣùpá yóò yọ sí i lórí láìròtẹ́lẹ̀. Òǹkàwé tí ó bá mọ ojú ọ̀run yóò mi orí, èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní pàdánù ohunkóhun.

Ìdí tí àwọn baba wa fi mọ ọ̀nà òṣùpá kò jìnnà. Eré òṣùpá wà, àlọ́ wà, bojúbojú wà. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé ní alẹ́ àná òṣùpá ti yọ kí a tó jẹun tán, ó mọ̀ pé lónìí eré yóò pẹ́ díẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù tí à ń kà àti òṣùpá tí à ń wò, ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá nínú èdè wa. Kì í sì í ṣe nínú tiwa nìkan. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ wa tí ó wà ní Kánò mọ̀ pé wata ni Hausa ń pe àwọn méjèèjì. Àwọn ti Ẹnúgu mọ̀ pé ọnwa ni Ìgbò ń pè wọ́n, egwu ọnwa sì ni orúkọ eré tí àwọn ọmọ ń ṣe lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Láti òṣù kan sí èkejì, ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti ààbọ̀ ni. Àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa kò tíì gbàgbé. Bí ààwẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn a wà ní ìwọ̀-oòrùn, títí ìkéde Súlútánì yóò fi ti Ṣókótó wá.

Ó kan àwòrán. Ẹ ṣí àwọn ìwé kíkà tí à ń lò fún àwọn ọmọ kékeré, kí ẹ sì wá ibi tí wọ́n ya òṣù tuntun sí. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó dúró ṣánṣán bí ọrun tí ọdẹ gbé ti ara ògiri, ìwo kan lókè, ìwo kan nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ti í rí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níhìn-ín, òṣù tuntun kì í dúró. Ó ń dùbúlẹ̀ ni. Ìwo rẹ̀ méjèèjì wà lókè, ikùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté, tàbí bí igbá tí a fẹ́ gba omi òjò sí. Nígbà mìíràn ó lè tẹ̀ díẹ̀ sí apá kan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ni. Ìdí rẹ̀ ni pé apá tí ó mọ́lẹ̀ lára òṣùpá ni ó máa ń kọjú sí oòrùn nígbà gbogbo. Ní Lọ́ńdọ̀nù, oòrùn a máa wọ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ òṣù ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń bà. Ní Èkó, ní Kánò, ní Kútọ̀nú, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ já lulẹ̀ tààrà bí òkúta, ó sì wà lábẹ́ òṣù. Abẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá.

Ohun kékeré kọ́ ni èyí lójú tèmi. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan rí òṣù tí ó dùbúlẹ̀ ní ojúde baba rẹ̀, ó dé ilé-ìwé, ó rí òṣù tí ó dúró nínú ìwé, nígbà tí olùkọ́ sì ní kí ó ya òṣùpá, èyí tí ó dúró ni ó yà. Mo ti dán an wò ní kíláàsì mi lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, èsì kan náà ni. Ọmọ náà ti kọ́ pé bí ojú òun àti ìwé bá jiyàn, kí òun gba ti ìwé. Bí ó bá sì dàgbà tí ó di òǹkọ̀wé, yóò fi òṣù wé dòjé, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn Òyìnbó fi í wé, yóò sì kọjá lára ọkọ̀ àti igbá láìwò wọ́n.

Àṣìṣe kan tún wà tí ó ń bá àwòrán yìí rìn, èyí ni ìràwọ̀ tí wọ́n máa ń fi sí àárín ìwo òṣù. Bí ó bá jẹ́ lórí àsíá orílẹ̀-èdè, bí irú ti Túnísíà, n kò bá a jà. Àmì ni àsíá. Ṣùgbọ́n bí ìtàn bá sọ fún mi pé akọni rí ìràwọ̀ kan tí ń tàn láàárín ìwo méjèèjì, a jẹ́ pé òǹkọ̀wé náà gbàgbé pé òṣùpá pé síbẹ̀. Apá kan rẹ̀ ni kò gba ìmọ́lẹ̀. Ìràwọ̀ wo ni yóò wá tàn ní iwájú rẹ̀? Ẹ wo òṣù tuntun dáadáa ní alẹ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹ ó rí ìyókù rẹ̀ fírífírí bí eérú. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó bà lé ayé wa, tí ó sì tàn padà sí òṣùpá, ni ó jẹ́ kí a rí i. N kò tíì rí òǹkọ̀wé Yorùbá kan tí ó lò ó nínú ìtàn, ohun tí ó sì lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí a fi í sílẹ̀.

Ní ti àgùàlà, ó yẹ kí á yin àwọn àgbà. Gbogbo wa ni a mọ òwe náà pé àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, àwọn ènìyàn ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Nínú kíláàsì, ohun tí a máa ń fi í kọ́ ọmọ ni pé ẹni tí ó bá ọlọ́lá rìn kì í ṣe ìránṣẹ́ rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n olùkọ́ mélòó ni ó tíì béèrè bóyá òtítọ́ ni òwe náà lójú ọ̀run? Èmi náà kò béèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òtítọ́ ni. Ní alẹ́ tí ẹ bá rí àwọn méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ jáde padà ní alẹ́ kejì ní wákàtí kan náà. Òṣùpá yóò ti lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, ju ìbú ẹ̀ṣẹ́ kan lọ bí ẹ bá na apá yín síwájú. Àgùàlà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tí ó wà. Ajá wo ni ó ń jókòó sílẹ̀ kí olówó rẹ̀ máa lọ? Àwọn onímọ̀ ti wọn ọ̀nà wọn: òṣùpá jìnnà sí wa tó 384,000 kìlómítà, àgùàlà, nígbà tí ó bá súnmọ́ wa jù lọ pàápàá, jìnnà tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìlọ́po èyí. Òun kan náà ni ó sì ń di ìràwọ̀ òwúrọ̀. A ń rí i ní alẹ́ fún oṣù mélòó kan, ó fara pa mọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ó sì yọ ní apá kejì ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Yíyípo rẹ̀ yìí gba 584 ọjọ́. Ẹni tí ó pa òwe yìí wo ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wí, ó wo ojú ọ̀run, ó sì sọ fún wọn pé wọ́n ṣì í. Bí ó bá jẹ́ pé à ń wá olóyè àkọ́kọ́ nínú irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe lónìí yìí, òun ni.

Àwọn ìwé ìròyìn wa ń ṣe òdì kejì rẹ̀. Lóṣooṣù ni wọ́n ń sọ fún wa pé òṣùpá ìkookò ni ti oṣù Kìíní, òṣùpá yìnyín ni ti oṣù Kejì. Amẹ́ríkà ni àwọn orúkọ wọ̀nyí ti wá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ní ìtumọ̀. Ní oṣù Kìíní, ọyẹ́ ni ó wà níta wa. Eruku rẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí òṣùpá pọ́n bí epo nígbà tí ó bá ń yọ. Àwọn kan ti wá ń sọ pé kí a jókòó kí a dá orúkọ Yorùbá méjìlá sílẹ̀ láti fi dípò wọn. Ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀. Orúkọ tí a dá ní ìpàdé kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde síta.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òṣùpá tí wọ́n ní ó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òtítọ́ ni pé òṣùpá máa ń súnmọ́ wa nígbà mìíràn ju ìgbà mìíràn lọ, ṣùgbọ́n láàárín èyí tí ó tóbi jù lọ àti èyí tí ó kéré jù lọ, ìyàtọ̀ ìbú wọn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje lọ, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n. Bí ó bá tóbi lójú yín nígbà tí ó ń yọ láti ẹ̀yìn òrùlé, ẹ na apá yín, kí ẹ fi ọmọ-ìka bò ó. Yóò bò ó tán. Nígbà tí ó bá gòkè tí ó sì dà bí ẹni pé ó súnkì, ọmọ-ìka náà yóò bò ó bákan náà. Ojú wa ni ó ń tàn wá jẹ.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, òjìji ayé bo òṣùpá pátápátá. Láti ìdajì lẹ́yìn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí di agogo mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni ó fi wà nínú òjìji náà tán. Ìròyìn tí a túmọ̀ láti òkè òkun sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa wo bí òṣùpá funfun yóò ti máa wọ inú òjìji díẹ̀díẹ̀. Ní Èkó, òṣùpá ti wọ inú òjìji kí ó tó yọ rárá! Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ìwé ìròyìn yóò máa dúró de òṣùpá funfun, nígbà tí òṣùpá ṣíṣú ti ń gun òkè lẹ́yìn igi. Wọ́n pè é ní "òṣùpá ẹ̀jẹ̀", èyí pẹ̀lú sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a yá. Ohun tí ó ń kun òṣùpá ní àkókò bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó gba inú afẹ́fẹ́ ayé wa kọjá, tí àwọ̀ búlúù rẹ̀ ti fọ́n ká, tí ó sì ku pupa, bí ti ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Àwọ̀ náà ṣókùnkùn, ó sì pọ́n, osùn ni. Ìyá wo ni kò mọ osùn?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé akéwì kì í ṣe onímọ̀ ìràwọ̀, kí n fi wọ́n sílẹ̀. Mo gbà. Nínú àlọ́, bí ìjàpá bá ta okùn tí ó sì gun òṣùpá lọ, èmi yóò gbe orin lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sọ fún mi nípa òpópónà kan tí mo mọ̀, ní ọjọ́ ọjà kan, tí ó dárúkọ ilé àti ẹran tí wọ́n tà, tí ó wá gbé òṣùpá sí ibi tí kò lè sí, n kò lè gba ìyókù ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́ pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Àwọn mìíràn a ní iná ìlú ńlá kò jẹ́ kí a rí nǹkan. Ó jẹ́ òtítọ́ fún àwọn ìràwọ̀ kéékèèké, ṣùgbọ́n iná kò lè pa òṣùpá tàbí àgùàlà mọ́. (Àti pé, lórílẹ̀-èdè tiwa, ẹni tí iná bá ń dí lọ́wọ́ kò ní pẹ́ tí a ó fi bá a mú un lọ.) Ibi tí a wà tilẹ̀ sàn ju ti àwọn tí ó kọ ìwé tí à ń túmọ̀ lọ. Ìwé wọn ní ìhà gúúsù ni òṣùpá máa ń gbà kọjá. Níhìn-ín, àrànmọ́jú oṣù Kejìlá ń gba ìhà àríwá kọjá lórí wa ní ọ̀gànjọ́, ti oṣù Kẹfà sì ń gba gúúsù; òjìji yín lórí ilẹ̀ yóò jẹ́rìí sí i. Ìwé wọn ní kí arìnrìn-àjò wá ìràwọ̀ àríwá. Ní Èkó, kò ga ju ìbú ìka mẹ́rin lọ, òrùlé aládùúgbò ti bò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ìdì ìràwọ̀ kékeré kan wà lókè orí wa, mẹ́fà tàbí méje tí ó fún mọ́ra. Nínú ìwé Jóòbù, orúkọ àjèjì, Pleiade, ni àwọn olùtumọ̀ Bíbélì wa fi sílẹ̀ fún un. Kaza mai 'ya'ya ni Hausa ń pè é, adìyẹ tí ó kó ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Bí a bá fẹ́ yá ọ̀rọ̀, ilé aládùúgbò ni à bá kọ́kọ́ lọ.

Nísinsìnyí, bí ọmọ kan bá fi òṣùpá sínú àròkọ rẹ̀, mo ní kí ó kọ ọjọ́ àti wákàtí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní sáà tí ó kọjá, ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé òṣùpá yọ láti ẹ̀yìn ọlọ àwọn ẹlẹ́lùbọ́ ní agogo mẹ́jọ alẹ́ àná. Gègé pupa wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sílẹ̀, mo mú àga lọ sí iwájú ilé ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sì jókòó de òṣùpá. Ó yọ ní agogo mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.